Ìbọn Ìléwọ́ Tí Ọta Rẹ̀ Ń Ya Sósì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Kì í ṣe pé ohùn mi kò lọ sókè mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò fẹ́ kí ẹni tí n kò rí ojú rẹ̀ bá wa gbọ́ ọ. Ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín lọ́tùn-ún, ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín lósì. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ó dára. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́wùnmí, Àwẹ̀ró ọmọ Ọdẹ́lànà, ọdẹ Òkè-Ẹgàn. Mo ti bá ẹkùn wo ojú ara wa rí títí tó fi jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Mo ti jókòó lórí igi kan náà pẹ̀lú erè láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí àwa méjèèjì ń díbọ́n pé a kò rí ara wa. Ohun tó jẹ́ kí n ṣì wà láàyè kì í ṣe agbára. Ìfura ni. Mo máa ń fura sí ewé tó bá mì nígbà tí kò sí atẹ́gùn, mo sì tún máa ń fura sí èyí tí kò bá mì nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Síbẹ̀, ẹ óò rí bí ìfura náà ṣe gbà mí, àti bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti èjìká mi. Mo já bọ́ láti orí ẹ̀gùn, ìyẹn igi tí ọdẹ máa ń so pọ̀ sókè láti fi jókòó ṣọ́ ẹran, egungun èjìká ọ̀tún mi sì kán. Wọ́n to egungun náà, ó jinná, ṣùgbọ́n kò lè gba ìdí ìbọn gígùn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti yìnbọn rí mọ bó ṣe máa ń ta ni sẹ́yìn. Bí mo bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta ni n kò ní lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tàsé àmì lọ́jọ́ ìdánwò ìbọn ọdún yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ìlú wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, gbogbo ọdẹ tó ní àga nílé ọdẹ máa ń pé jọ sí pápá ẹ̀yìn ìlú. Wọn a so kèrègbè tí a fi ẹfun kùn mọ́ ara igi àràbà kan. Ọta kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ẹni tó bá tàsé lọ́dún méjì tó tẹ̀lé ara wọn yóò dìde lórí àga rẹ̀, ẹlòmíràn nínú ìdílé rẹ̀ yóò sì jókòó. Àga náà kì í ṣe igi lásán, nítorí ẹni tó ni àga ló ni igbó. Àga bàbá mi ló ni gbogbo igbó ìhà odò, níbi tí mo ti mọ ihò òkété kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe mọ ilẹ̀kùn ilé yín. Àbúrò mi Ọdẹ́jọbí, ọmọ àbúrò bàbá mi, ti ń wo àga náà láti ọjọ́ tí mo ti jókòó lé e, ó sì ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo ẹja díndín. Mo ti tàsé lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún tàsé, mo di ẹni tó ń tọrọ àyè kó tó wọ igbó bàbá rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Mùdá, tó máa ń ta irin àlòkù lọ́jà: àdá tí wọ́n ti pọ́n tán, pakuté tí eyín rẹ̀ ti ká, fìtílà tí kò ní gíláàsì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ èjìká mi, ó fa ìbọn ìléwọ́ kan yọ lábẹ́ àpò. Ìbọn kúkúrú ni, èyí tí a ń fi ọwọ́ nìkan gbé, tí kò ní ìdí gígùn tí à ń fi ti èjìká. Alágbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ́ láyé àtijọ́. A ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a ó ki ọta kan tẹ̀lé e, ó tán. Ọ̀pá rẹ̀ ti dípẹtà. Òòlù kékeré tó ń lu ẹ̀tù ń mì bí eyín arúgbó. Ṣùgbọ́n ìdìmú rẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, igi dúdú kan ni, tí àtàǹpàkò ẹnìkan ti jẹ kòtò sí lára fún ọdún gbọọrọ. Mo fi àtàǹpàkò tèmi sínú kòtò náà. Ó bá a mu bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ohun tí ọdẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè bó bá fẹ́ ra ìbọn àlòkù ni pé ta ló ni ín, ṣé ẹni náà wà láàyè, bí kò bá sì sí, ṣé wọ́n ti ṣe ìpà ọdẹ rẹ̀. Ìpà ọdẹ ni ètò tí ẹgbẹ́ ọdẹ máa ń ṣe fún ọdẹ tó kú. A ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, kí ó lè rí nǹkan mú lọ́wọ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti ṣáájú. Mo béèrè. Mùdá ní ẹni tó ni ín wà láàyè, pé ó ti di oníwàásù, kò sì fẹ́ fojú rí ìbọn mọ́. Bó ti ń sọ̀rọ̀, bàtà mi ló ń wò. Mo rí i pé bàtà mi ló ń wò. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi wà nínú kòtò yẹn, n kò sì fẹ́ yọ ọ́. Ìbọn náà kò wọ́n. Mo rà á, mo gbé e lọ.

Oṣù mẹ́ta ló kù kí ọjọ́ ìdánwò pé. Mo so kèrègbè mọ́ igi àràbà náà, mo rìn sẹ́yìn ní ogún ẹsẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo yìnbọn. Ó dún, èjìká mi kò dùn mí, inú mi sì dùn. Mo wo kèrègbè. Kèrègbè ń wò mí. Ọta ti ya sósì. Mo tún un yìn, ó tún ya sósì, bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó ṣá ń yà lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ògúnjìnmí, alágbẹ̀dẹ wa. Wọ́n ní òòlù rẹ̀ ló ń mì, wọ́n sì rọ òòlù tuntun sí i. Ọta ya sósì. Wọ́n ní sípíríǹgì inú rẹ̀ ti rọ̀, wọ́n wá èyí tó le láti abẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ kan. Ọta ya sósì. Wọ́n ní irin tí ìka ń fà ti wúwo jù, pé ìyẹn ló ń mú ọwọ́ mi mì, wọ́n bá ń ha á títí tó fi rọ̀ débi pé bí èémí bá fẹ́ kàn án báyìí, ìbọn ti dún. Níkẹyìn wọ́n yọ ọ̀pá náà kúrò, wọ́n fi tuntun sí i, èyí tó fi ìka mẹ́ta gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì lẹ irin tín-ín-rín kan mọ́ ọn lórí kí ojú mi lè fi wo àmì. Ẹni tó bá rí ìbọn náà nígbà yẹn yóò rò pé ọwọ́ ọba ni mo ti jí i. Ìdìmú nìkan ni a kò pààrọ̀, nítorí mo kọ̀.

Àṣà wa ni pé irin tí alágbẹ̀dẹ bá yọ lára ìbọn, iná alágbẹ̀dẹ ló ń padà sí. Wọn a yọ́ ọ di ọkọ́ tàbí ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó pé Bàbá Ògúnjìnmí fẹ́ fi àwọn irin àtijọ́ náà to ìbọn mìíràn fún Ọdẹ́jọbí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti yọ ọ̀kan, mo máa ń mú un níṣojú wọn, màá sì jù ú sínú igbó tó wà lápá òsì pápá bí mo bá ń kọjá. Wọ́n kàn máa ń fi ojú sin irin náà lọ.

Mo wá kọ́ ọwọ́ mi ní ọgbọ́n mìíràn. Bí mo bá fẹ́ ta kèrègbè, màá na ìbọn sí ọ̀tún rẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, kí ọta lè yà padà bá a. Nígbà mìíràn yóò bà á. Nígbà mìíràn kò ní bà á. Ẹni tó ní ọta kan ṣoṣo kò lè gbé àga bàbá rẹ̀ lé orí “nígbà mìíràn”.

Ọ̀pá tuntun ló mú mi bínú jù. Nígbà tí òun náà ya sósì, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ níṣojú èèyàn mẹ́jọ, mo ní irin wíwọ́ ni Bàbá Ògúnjìnmí ń rọ fún mi, pé Ọdẹ́jọbí ti bá wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n gbé ẹ̀mú sílẹ̀, wọ́n wò mí.

“Àwẹ̀ró, má gbé ìbọn yẹn wá síbí mọ́.”

Ọdẹ́jọbí wà níbẹ̀, ó ń dúró de àdá rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? A ó bá yín gbé kèrègbè náà sápá òsì lọ́jọ́ náà. Ṣebí ọmọ ilé kan náà ni wá.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí n bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo jí lọ sí pápá láti lọ wá àwọn ọta mi. Mo ti yìn tó ogójì. Ọta tó bá ya sósì gbọ́dọ̀ ba nǹkan. Mo wo igi tó wà lósì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ pa èèpo wọn láti gbòǹgbò dé ibi tí ọwọ́ mi mọ. Kò sí igi kan tó fara gbọgbẹ́. Mo wo ilẹ̀, n kò rí ohun tó jọ ọta. Mo ní kò burú. Bí ọta kò bá padà wá bá mi, èmi yóò lọ bá a.

Ìrìn àjò tí mo pè yín jọ fún nìyí. Mo da ẹ̀tù, mo ki ọta, mo dúró sí etí igbó, mo yìnbọn síwájú. Mo tẹ́tí. Mo gbọ́ tó ń lọ lósì, fùùù, tó ń lọ, tó ń lọ, bí oyin tó ń darí sílé. N kò gbọ́ ibi tó dé sí. Mo rìn tẹ̀lé ìró náà títí tí n kò fi gbọ́ ọ mọ́, mo tún yìnbọn, mo tún tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọ igbó lọ, ọta níwájú, èmi lẹ́yìn. Mo ti gbọ́ nípa ọdẹ tó tẹ̀lé ẹran títí tó fi sọnù. Èmi ni ọdẹ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ pé ó tẹ̀lé ọta ara rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni mo dé ibi òkìtì ọ̀gán kan, mo ti tún ki ẹ̀tù àti ọta sínú ìbọn. Ọkùnrin kan jókòó lé e. Ó mọ́ jù. Ẹ̀rọ̀fọ̀ wà lọ́tùn-ún, ẹ̀rọ̀fọ̀ wà lósì, aṣọ rẹ̀ sì funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kò làágùn. Òjìji gbogbo igi ti kúrú sábẹ́ wọn nítorí oòrùn ọ̀sán, ṣùgbọ́n tirẹ̀ gùn gbọọrọ lórí koríko bí ẹni pé àṣálẹ́ ni.

“Ẹ káàbọ̀, Àwẹ̀ró,” ó wí. “Mo ti ń retí ìbọn mi.”

N kò dáhùn sí orúkọ mi. Ẹ̀yin náà, bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá pè yín nínú igbó, ẹ má dáhùn. Mo ní ta ló sọ pé ìbọn rẹ̀ ni. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi ọ̀rọ̀ hàn mí.

“Kí ló ń jẹ oúnjẹ dúdú, tó ń pọ iná?”

“Ìbọn.”

“Kí ló ní ojú kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ pé ẹni tó bá wò ni ojú ń fọ́?”

“Ìbọn náà ni.”

“Ta wá ló ni ín?”

“Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gba ìbọn,” ni mo fi dá a lóhùn.

Inú rẹ̀ dùn sí ìdáhùn yẹn, n kò mọ ìdí. Ó ní bí mo bá lè dá ìbọn òun padà fún òun, òun yóò fún mi ní ojú tí kì í tàsé láyé, pé èmi yóò jókòó lórí àga bàbá mi títí irun mi yóò fi funfun bí aṣọ òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo rí Ọdẹ́jọbí lọ́kàn mi, tó ń họ orí. Mo na ìbọn náà sí i, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ìdìmú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọdẹ tí a bá na ìbọn sí, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó kọ ẹnu ìbọn náà sí ilẹ̀, kó wá fọwọ́ kan òòlù rẹ̀ wò bóyá ó kún. Kò sí bí ọdẹ ṣe lè mutí yó tó tí kò ní ṣe é. Bàbá mi ṣe é lórí ibùsùn ikú. Ọkùnrin aláṣọ funfun yìí fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ìbọn mú, ó fa ẹnu rẹ̀ mọ́ra, ó di ojú kan, ó sì fi ojú kejì yọjú wo inú ihò bí ẹni tó ń wo ìdí àmù bóyá omi ṣì wà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò di ìbọn mú rí láyé rẹ̀. Mo fa irin náà.

Ìbọn dún. Àárín ẹnu rẹ̀ sí ojú ọkùnrin náà kò tó ìka kan, síbẹ̀ ọta náà ya sósì. Ó gba etí rẹ̀ kọjá, fùùù, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò là. Inú òkìtì ọ̀gán ni ẹ̀rín náà ti ń jáde. Apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó ń tú síta bí okùn inú kànga. Mo já ìbọn mi gbà, mo sáré gba ibi tí ọta gbà. Ẹsẹ̀ mi tí ẹ ń wò yìí, àgbọ̀nrín ti tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo gbọ́ apá náà lẹ́yìn mi, tó ń wọ́ lórí ewé gbígbẹ. Ó bà mí lórí, ó já ìborí mi lọ. Mo rí igbó ẹ̀gún níwájú, mo da àyà dé ilẹ̀, mo fi ikùn wọ́ gba abẹ́ rẹ̀. Apá náà wọ inú ẹ̀gún, kò sì lè jáde mọ́. Mo gbọ́ tó ń fi ohùn dídùn pè mí pé kí n wá bá òun tú u. N kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn igbó ẹ̀gún náà ni odò kan wà, kékeré, omi rẹ̀ kò sì dún. Bàbá arúgbó kan jókòó sí etí rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sókè, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tútù fún. Ọta ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jọ gègèrè bí àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yin. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ṣì ń rú èéfín lórí wọn. Lórí ewé kókò kan níwájú rẹ̀, mo rí ọ̀pá ìbọn tó dípẹtà, mo rí òòlù tó ń mì, mo rí sípíríǹgì rírọ̀. Gbogbo ohun tí mo jù sínú igbó ló wà níbẹ̀.

“Ìwọ lo ń sọ irin lù mí láti oṣù mẹ́ta,” ni bàbá náà wí. Kò kí mi.

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ojú kan ṣọ́ ọ̀nà tí mo lè gbà sá. Mo ní kó má bínú, pé n kò mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo rò pé ó ń fa ọta mi. Mo ní mo rò pé alágbẹ̀dẹ ni. Ó pòṣé.

Mo fẹ́ dán an wò. Mo ní bó bá jẹ́ òun ló ni ìbọn yìí lóòótọ́, kó sọ orúkọ tó ń pè é.

“Orúkọ? Ajá ni wọ́n ń sọ lórúkọ. Ìbọn ni mò ń pè é.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Èyí tó kọ́kọ́ pàdé mi mọ orúkọ mi, ó sì sọ̀rọ̀ dídùn. Eléyìí kò ní ọ̀rọ̀ dídùn kan lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé bóyá ọgbọ́n tiwọn nìyẹn, kí ẹni kejì burú kí n lè gbà á gbọ́. Bàbá náà na ìka sí ìbọn ọwọ́ mi.

“Òòlù tuntun, sípíríǹgì tuntun, ọ̀pá tuntun. Èwo ni ìbọn mi nínú méjèèjì, tọwọ́ rẹ ni tàbí tilẹ̀ yìí?”

Mo ronú. “Ìbọn ni èyí tó bá lè dún, bàbá.”

“Tọwọ́ rẹ ń dún. Ọ̀rọ̀ ta ló ń gbọ́?”

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún mi, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú. Orúkọ rẹ̀ ni Ọdẹ́gbàmí. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ìpà ọdẹ fún un, wọ́n kó àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti ọ̀bẹ rẹ̀ wá sínú igbó, ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ìbọn rẹ̀ fún Mùdá kó tó di ọjọ́ náà. Òdìkejì odò yìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Bó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọn a bi í pé ìbọn rẹ̀ dà, yóò sì padà jókòó. Ó ní bí mo bá ti fi àwọn irin àtijọ́ náà sílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ, ìbá ti yọ́ wọn di ọkọ́, òun ì bá sì jókòó síbẹ̀ títí láé. Ohun kan ṣoṣo ló kù kí ìbọn òun pé.

Mo mọ ohun náà. Àtàǹpàkò mi wà nínú kòtò rẹ̀.

“Ẹ̀rí wo lẹ máa fún mi pé ọta mi kò ní ya sósì mọ́ bí mo bá fún yín?”

“N kò ní ẹ̀rí kankan.”

“Kí n kàn fún yín bẹ́ẹ̀?”

“Bí o bá fẹ́. Bí o kò bá fẹ́, máa lọ. Ẹni tó wà lórí ọ̀gán yẹn yóò ti yọ apá rẹ̀ láìpẹ́.”

Mo jókòó níbẹ̀ títí òjìji fi yí. Ìdìmú yẹn ni mo fẹ́ràn jù lára ìbọn náà, òun nìkan ló mọ ọwọ́ mi. Mo wá na ìbọn náà sí bàbá, mo ní kó gbà á wò. Ó gbà á. Kí n tó sọ̀rọ̀ mìíràn, ó ti kọ ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ti kan òòlù, ó ti gbóòórùn ẹnu ìbọn náà, ó ní, “Kò kún. Ẹ̀tù rẹ kò sì gbẹ dáadáa.” Kò mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń ṣe ohun tó mọ̀ ni.

Omi bọ́ lójú mi. Mo gba ìbọn náà padà, mo fa ọ̀bẹ yọ, mo yọ ìṣó méjèèjì tó di ìdìmú náà mú, mo gbé e fún un. Ó to ìbọn rẹ̀ lórí ewé náà láìwo ọwọ́. Nígbà tó dìde, ó ga ju bí mo ti rò lọ.

“Láti òní lọ, ibi tí o bá na ìbọn rẹ sí ni ọta yóò lọ,” ó wí. “Má tún máa ṣọ́ ọ mọ́.”

Ó wọ odò. Omi náà kò dún. Nígbà tó dé òdìkejì, mo gbọ́ ìró ìbọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹgbẹ́ ọdẹ ṣe máa ń yìnbọn kí ẹni tó dé láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, òkìtì ọta náà kò sí mọ́.

Mo gba ọ̀nà mìíràn padà sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ìbọn tí kò ní ìdìmú lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ògúnjìnmí, mo sì kúnlẹ̀ níṣojú èèyàn tó pọ̀ ju ti ọjọ́ tí mo bú wọn lọ. Mo ní irin wọn kò wọ́, èmi ni mo ṣìnà. Wọ́n kàn tọ́ka sí ẹwìrì, mo sì ń fẹ́ iná fún wọn títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú èjìká tí ẹ mọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ìdìmú igi ayán kan, wọ́n fi ìṣó kàn án. Ó le, kò sì mọ ọwọ́ mi.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Olúọdẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú wa, jókòó, gbogbo àga kún, Ọdẹ́jọbí dúró lẹ́yìn tèmi bí ẹni tó ń dúró de kí n jẹun tán kó gbé àwo. Wọ́n pè mí. Mo rìn dé ojú ìlà, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbé irin tín-ín-rín náà sí àárín kèrègbè gan-an. Ọ̀rọ̀ bàbá náà wà létí mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà létí mi, tèmi ni: ta ló rí i? Ta ló mọ̀ bóyá òun àti ẹni orí ọ̀gán jọ ń ṣiṣẹ́ ni? Mùdá náà sọ̀rọ̀, mo sì gbà á gbọ́. Àga bàbá mi ni èyí, ọta kan ṣoṣo ni mo ní. Mo sún ọwọ́ mi sí ọ̀tún ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, bí mo ti ń ṣe láti oṣù mẹ́ta. Mo fa irin náà.

Kèrègbè kò mì. Ní ọ̀tún rẹ̀, ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan gẹ́lẹ́, ihò funfun là lára igi àràbà.

“Ẹ̀gbọ́n mi ti yí ìhà padà,” Ọdẹ́jọbí wí. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Olúọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi sáyé lọ, wọ́n sì na ọwọ́ sí àga náà. Kí n tó dé ìdí igi, Ọdẹ́jọbí ti jókòó.

Mo fi ìka sínú ihò náà. Ọta mi wà níbẹ̀, ó ṣì gbóná. Nínú gbogbo ọta tí mo ti fi ìbọn yẹn yìn, òun ni èyí àkọ́kọ́ tó dúró síbi tí mo rán an. Mo fi ọ̀bẹ wú u jáde. Mo padà sí ojú ìlà, mo bẹ Olúọdẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí n yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní òfin kò ka ọta kejì. Mo ní mo mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀tù mi ni, kí n ṣe bí mo ti fẹ́.

Mo ki ọta náà. Mo wo àárín kèrègbè, n kò sún ọwọ́. Kèrègbè fọ́ yángá, ẹfun rẹ̀ sì tú sókè. Bàbá Ògúnjìnmí nìkan ló mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọdẹ́jọbí ṣì jókòó lórí àga náà títí di òní tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ wọ igbó ìhà odò, mo máa ń kọ́kọ́ yà ní ilé rẹ̀, màá ní, “Àbúrò mi, mo fẹ́ wọ igbó,” yóò sì dá mi dúró díẹ̀ kó tó ní kí n máa lọ. Mo máa ń wọ igbó náà, mo máa ń na ìbọn mi sí ibi tí mo bá fẹ́, n kì í ṣọ́ ọ mọ́. Ẹran tí mo bá pa, mo máa ń gé itan kan fún un, nítorí òun ló ni igbó.